Ọ̀wẹ̀ Tí Wọ́n Bá Mi Bẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí mò ń wá lóko ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, èsì tí mo máa ń fọ̀ ni pé kòkòrò ni mò ń sìn níbẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á wo ẹsẹ̀ mi bóyá bàtà méjèèjì bára mu. Ọmọ tó kàwé kàwé, tó ń fojú sọ́nà láti di ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Ọyẹ́, kòkòrò ló wá ń sìn bí ẹni ń sin adìẹ! Ṣe ni mo máa ń bá tèmi lọ. Inú máa ń tètè bí mi, gbogbo ilé wa ní Ùsì ló mọ̀, bàbá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ìbínú lé àwọn olóore mi sá.

Àfòpiná ni kòkòrò náà, àmọ́ kì í ṣe ti àwọn wẹ́wẹ́ tó ń kú sídìí gílóòbù. Eléyìí tóbi. Bó bá la ìyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́ mi tán. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tí wọ́n fi èédú fín, débi pé bó bá bà sára igi lọ́sàn-án, èèyàn lè gbé ọwọ́ lé e láìmọ̀. Ikùn rẹ̀ ló fi ń ṣe fáàrí: pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti dúdú, ìlà ìlà, láti àyà dé ìdí. Ẹnu rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ṣe ló máa ń ká a mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á jáde, á dúró lójú afẹ́fẹ́ níwájú òdòdó ìbẹ́pẹ láìbà lé e, ìyẹ́ rẹ̀ á máa kùn hùn-ún, á na ẹnu náà sínú òdòdó, á fa omi dídùn ibẹ̀ mu, á kọjá sídìí òmíràn. Àwọn tó ti kọ̀wé nípa rẹ̀ sọ pé ó kárí ilẹ̀ Áfíríkà, ó dé ilẹ̀ Yúróòpù, ó dé Éṣíà títí lọ dé Ọsirélíà, àti pé ó lè fò kọjá òkun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo wo èyí tó bà sára ògiri ilé ìwẹ̀ wa, mo ní, ìwọ yìí náà?

Ọmọ rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ mọ̀, wọn ò mọ ìyá. Orí ewé ànàmọ́ ni ìyá ń yé sí, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Bí ọmọ bá pa, oúnjẹ ni, kò mọ nǹkan mìíràn. Á jẹ ewé títí á fi tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà. Òmíràn á tutù bí ewé, òmíràn á dúdú, àmọ́ gbogbo wọn ló ní ìwo kan ṣoṣo nídìí, níbi tí a kò ti retí ìwo. Bó bá yó tán, á sọ̀kalẹ̀, á wa ilẹ̀, á wọ inú rẹ̀ lọ, á bọ́ awọ sílẹ̀, á sì di ohun pupa rúsúrúsú kan tó le. Àpótí ni èmi máa ń pè é. Ẹnu gígùn tó máa fi mu òdòdó lọ́la ti wà lára àpótí náà, ó yọ síta, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí etí ife.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ewé ànàmọ́ bá gbẹ, a kì í rí àfòpiná yìí mọ́ ní gbogbo àríwá Èkìtì. Òjò àkọ́kọ́ á rọ̀, wọ́n á tún dé. Ṣé inú ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti ń sùn de òjò ni, àbí ṣe ni wọ́n ń fò lọ síbi tí ewé tútù wà, tí wọ́n á tún fò padà? Ìyẹn ni mo fi ń gun ọkọ̀ láti Ọyẹ́ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ọdún àkọ́kọ́, màlúù tẹ gbogbo ilẹ̀ tí mo fi ń ṣe ìwádìí náà pa. Ọdún kejì, iná ìgbẹ́ ràn wọ̀ ọ́, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Ọdún kẹta yìí ni ìkẹyìn. Dókítà Lánípẹ̀kun, ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi, pè mí jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ìmísíolúwa, àwọn yunifásítì ti sún ọjọ́ síwájú fún ẹ tó. Ìparí Oṣù Kẹfà, bí èsì kò bá sí lọ́wọ́ wa, orúkọ rẹ máa kúrò nínú ìwé wọn. Mi ò ní lè dá a dúró."

Mo múra sí i. Nígbà tí òjò ń lọ sópin, mo lúgọ ti àwọn kòkòrò náà bí ọlọ́pàá nídìí ànàmọ́ tí mo gbìn. Ibi tí èyíkéyìí bá ti wọlẹ̀, mo gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí mo gé, tí mo fọwọ́ rán, bo ojú ibẹ̀ bí àgọ́ kékeré. Bí òjò bá rọ̀, tí mo bá bá àfòpiná lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ pé ilẹ̀ wa ló sùn sí, mo ti rí èsì. Bí mi ò bá rí ẹyọ kan, èsì náà nìyẹn. Mo jẹ́ kí koríko hù bó ṣe wù ú, torí mi ò fẹ́ kí oòrùn bá àpótí mi lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro kalẹ̀. Ohun kan péré ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà kí òjò tó dé.

Ìyá Ìjọ ló ni ilẹ̀ náà. Elizabeth Ajíbọ́lá ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí ìjọ Áńgílíkà ti fi í joyè Ìyá Ìjọ, orúkọ mìíràn kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Opó ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi tó ń lọ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló fún mi nílẹ̀. Mo sọ fún un níjọ́ àkọ́kọ́ pé mo fẹ́ ṣe ìwádìí kòkòrò tó ń jẹ ewé ànàmọ́, ó sì súre fún mi títí ọrùn fi ń dùn mí lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí kòkòrò yẹn ti ń fìyà jẹ àwọn. Kí ló tún yẹ kí ó rò? Gbogbo àwọn tó ti wá láti ọ́fíìsì ọ̀gbìn rí, tí wọ́n ní àwọn ń wádìí kòkòrò, oògùn tó máa pa á ni wọ́n gbé dé lẹ́yìn náà. Ta ló máa ń wádìí kòkòrò nítorí kí kòkòrò lè sùn dáadáa?

Ìgbà gbogbo tó bá kọjá lẹ́bàá oko náà ló máa ń dúró.

"Ọmọ mi, uṣẹ́ yìí pọ̀ jù fún ìwọ nìkan. Wo igbó! Jẹ́ kí á wá bá ọ ro ó."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni mo máa ṣe é."

Á yíjú sí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìgbádùn. "Ó ní kí á má ṣèyọnu. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ulé!"

Èmi rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ Èkìtì ni mí, ó sì yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀nà tí mo gbà sọ ọ́ gan-an ni ọmọlúàbí fi ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Nílé wa, bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún àlejò, á ní òun ti yó. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ náà kúrò níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ìkà ni.

Nígbà tí Oṣù Kejì ń parí lọ, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń fi àgbo gbé e kiri, mo ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ le, títí tí mo fi dákú sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Joy, ọmọ Ẹdó tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní Ọyẹ́, ló wá ọkọ̀ tó gbé mi dé ọsibítù ní Ìdó. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, pé ó ti wọ̀ mí lára. Wọ́n fa omi sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fà á sí tòsì. Orí mi ń lọ, orí mi ń bọ̀, àmọ́ mi ò gbàgbé oko. Bí mo bá gbọ́ ohun tó jọ àrá, màá gbìyànjú láti dìde. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó fọwọ́ mú òjò díẹ̀ sí i.

Joy bá mi pe Ìyá Ìjọ lórí fóònù, ó sọ fún un pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ mi, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. "Màmá yẹn dára gan-an. Ó ní kí o má ronú oko rárá. Ó ní oko wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn."

Mo dúpẹ́. Mo rò pé wọ́n á máa lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn wọra láti ìgbà tí mo ti dé ọsibítù.

Kò sí òjò kankan tó tíì rọ̀ nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀. Mo ka ìyẹn sí àánú ńlá. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe lágbára díẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ní Ọyẹ́, mo pe Ìyá Ìjọ pé mò ń bọ̀. Ó pariwo ayọ̀ sí mi létí débi pé mo ní láti gbé fóònù jìnnà. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè mí lójú títì, wọ́n wọ ìró àti bùbá àdìrẹ, wọ́n ń kọrin. Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní mo rù. Wọ́n ní kí n má lọ sílé kankan, kí n kọ́kọ́ wá wo nǹkan.

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí oko.

Ebè ni mo rí. Ebè iṣu ńláńlá, wọ́n tò lọ títí láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn, orí kálukú wọn ni wọ́n fi koríko gbígbẹ dé. Kò sí igbó. Kò sí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kankan. Kò sí nẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ náà mọ́ débi pé ojú ń dùn mí. Mo rò pé bóyá oko ẹlòmíràn la yà sí, mo wẹ̀yìn wo igi ọsàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun ni.

"Ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀!" ni Ìyá Ìjọ ń wí, ó ń jó díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá pátá, kò sí ẹni tó sá. Mo sọ fún wọn pé ọmọ yìí wà lórí àìsàn, kòkòrò sì ń jẹ uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀bù uṣu ulé wa la fi gbìn ín fún ọ. Kálukú mú tirẹ̀ wá. Kì í ṣe ànàmọ́ mọ́, uṣu ni. Ó o jẹ uṣu, ó o tà lára rẹ̀."

Mo bi í pé, "Mà, àwọn igi kéékèèké tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Igi? A fi dáná. Òun la fi se ẹ̀wà tí a jẹ."

"Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Akínyẹmí, ti ń retí ìbéèrè yẹn. Ó ṣí àpò kan, ó kó wọn jáde. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn. Wọ́n ti sá wọn, wọ́n ká wọn ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn bí aṣọ pẹpẹ. Ó rọra gbé wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun rí bí mo ṣe fọwọ́ rán wọn, pé ọwọ́ mi mọ́, òun ò fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ ẹ́.

"Nígbà tí ẹ ń wa ilẹ̀," ni mo wí, "ṣé ẹ rí nǹkan pupa kan báyìí, tó le, tó gùn tó ìka?"

"Háà!" Gbogbo wọn fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Wọ́n rí wọn! Àwọn nǹkan burúkú tó ń yí ìdí bí èèyàn bá dì í mú! Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ dá a mọ̀ pé ibẹ̀ ni kòkòrò náà ń sá pamọ́ sí, pé àwọn ọlọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọgbọ́n ló fi wá wọn. Ó ní igi tí mo gún ló júwe ibi tí wọ́n wà, ó sì yìn mí fún un: ọmọ náà ti ṣàmì sí ọ̀tá sílẹ̀ kí àìsàn tó dá a dúró. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, wọ́n dà á fún adìẹ. Ìyá Akínyẹmí ní àwọn adìẹ òun kò tíì gbádùn irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí, pé wọ́n ń lé ara wọn kiri.

"Gbogbo rẹ̀, mà?"

"Ẹyọ kan ò kù, ọmọ mi. Fọkàn balẹ̀."

Ìbínú gùn mí. Mo fẹ́ ké, mo fẹ́ ju àwọn nẹ́ẹ̀tì náà sí wọn lójú, kí n bi wọ́n pé ta ló rán wọn níṣẹ́, ta ló ní kí wọ́n gbà mí. Mo la ẹnu. Ìyá Ìjọ sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi kí n wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, egbò ti yọ níbi tí ọkọ́ ti jẹ ẹ́, ó ti fi òrí pa á. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn yòókù náà ń na ọwọ́ tiwọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi egbò díje bí àwọn ọmọ kékeré.

Wọ́n wá ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀ fún, ọpẹ́ ló kàn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú uṣẹ́. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á san án fún yín." Omi ń dà lójú mi. Wọ́n rò pé omijé ayọ̀ ni, àwọn náà sì bá mi sunkún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dá dúró díẹ̀ kí n gbàdúrà sórí oko náà. Ọwọ́ lásán ni mo fi wa ẹ̀gbẹ́ àwọn ebè náà, èyí tí agbára mi tó. Mo rí èèpo àpótí kan tí ọkọ́ ti gé sí méjì, inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹnu rẹ̀ tó ká kọrọdọ ṣì wà lára rẹ̀. Mo jókòó ti ebè, mo sì sunkún bí ẹni tí òkú kú fún.

Dókítà Lánípẹ̀kun kò bínú. Ì bá jẹ́ pé ó bínú ni, ara ì bá tù mí. Ó gbọ́ mi tán lórí fóònù. Ó béèrè bóyá a lè rí oko mìíràn. Mo rán an létí pé àwọn kòkòrò kì í wọlẹ̀ àfi bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, pé kò sí ohun tí èèyàn lè gbìn sí ilẹ̀ nísinsìnyí tó máa di èsì kí Oṣù Kẹfà tó parí. Ó ní òun mọ̀, pé òun kàn béèrè ni.

"Màá kọ̀wé sí wọn," ló wí níkẹyìn. "Àmọ́ mi ò fẹ́ tàn ẹ́, Ìmísí. Wọ́n ti sọ pé àwọn ò ní gbọ́ àwíjàre mọ́. Kí ni ká tiẹ̀ kọ? Pé àwọn ìyá ìjọ wá bá ẹ ṣiṣẹ́?"

Joy ni inú bí fún mi. Ó ní kí n lọ sọ fún màmá yẹn ohun tó ṣe. "Bí o ò bá sọ fún wọn, wọ́n máa tún ṣe é fún ẹlòmíì. O máa wá gbé e sínú kí ó pa ẹ́?" Òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ Sátidé mo tún gun ọkọ̀ padà sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: màá fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àmọ́ màá sọ ọ́ kó yé wọn.

Orí ẹní ni mo bá Ìyá Ìjọ, ó dojú bolẹ̀. Ìdí tó ti ń ro ó láti ìgbà ọ̀wẹ̀ náà ni kò jẹ́ kó lè dìde lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo yàrá ń rùn àbóníkí. Ó ní kí n bá òun fi ra ẹ̀yìn, mo sì jókòó tì í, mo ń ra á. Egungun ni mo ń fọwọ́ kàn.

"Mà," ni mo bẹ̀rẹ̀, "nípa oko yẹn..."

"Má tún dúpẹ́ mọ́ o," ló wí sínú ìrọ̀rí. "O ti dúpẹ́ tó. Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Ọdún tí ọkọ mi, bàbá Kẹ́hìndé, kú, mo dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe ibà. Ẹnìkan kò yà sí oko mi. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Igbó jẹ uṣu mi tán lójú gbogbo ará ulú yìí, èmi àti àwọn ọmọ mi sì jẹ ìyà ọdún náà jẹ́ẹ́. Mo wá sọ fún Ọlọ́run pé bí mo bá wà láàyè, tí mo bá rí ọmọ ẹlòmíràn tó wà lórí àìsàn, oko rẹ̀ ò ní di igbó lójú mi." Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà yẹn, ìwọ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún mi ṣe é fún. Unú mi dùn, Ìmísí. Bí ìdí yìí tilẹ̀ ń dùn mí, unú mi dùn."

Ọwọ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo tò lẹ́nu túká. Mo bú ìwà ọmọlúàbí nínú ọkàn mi, mo bú ara mi, mo sì tún bu àbóníkí sọ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ sọ nípa oko?" ló bi mí.

"Mo ní ebè yẹn tóbi, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ó ní mi ò ní padà sí Ọyẹ́ láìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kejì, ó di ọ̀já mọ́ ìdí, ó fọwọ́ ti èjìká mi, ẹgbẹ́ ìyá sì sìn wá jó lọ síwájú pẹpẹ. Fíkà, àlùfáà wọn, sọ fún ìjọ ohun tí wọ́n ṣe, ó ní bó ṣe yẹ kí Kristẹni máa ṣe nìyẹn, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọkùnrin tó mọ àdúrà í gbà ni, kò sì fi falẹ̀.

"Gbogbo kòkòrò tó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí, èyí tó wà lórí ewé, èyí tó sá pamọ́ sínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n parun pátápátá nínú ayé rẹ̀!"

"Àmín!" Ṣọ́ọ̀ṣì mì.

Ó dúró. Ó fẹ́ gbọ́ tèmi. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo lórí mi, mo sì ń rí bàtà Ìyá Ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti wọ èyí tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde nítorí mi. Ọdún gbogbo tí mo fi sáré, ìrọ̀lẹ́ gbogbo tí mo fi lúgọ, orúkọ Dókítà tí bàbá mi ti ń fi pè mí ní Ùsì láìtíì tó àkókò, gbogbo rẹ̀ ti tán, èmi nìkan ló sì mọ̀ nínú ilé náà.

"Àmín," ni mo wí.

Nígbà tí ìsìn parí, mo mú un lọ sílé díẹ̀díẹ̀, ó fara tì mí. A gba ẹ̀bá oko náà kọjá. Ó ní kí n dúró kí òun sinmi, ó sì ń wo àwọn ebè bí ẹni ń wo ọmọ tí òun bí. Mo rántí pé ó yẹ kí n sọ fún un pé mi ò ní máa wá mọ́, pé kò sí nǹkan kan tí mo tún fẹ́ wá ṣe ní ìlú yìí, àmọ́ mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsọ gbogbo rẹ̀.

"Ìmísí."

"Mà."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní dúró dìgbà tó o bá ṣàìsàn." Ó fún mi lápá, ó sì sún mọ́ mi létí bí ẹni tó fẹ́ fún mi lẹ́bùn. "Kí àwọn kòkòrò yẹn tó ráyè wọ unú ulẹ̀ la ó ti bá ọ pa wọ́n tán."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.